Ọgọ́rùn-ún

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu Bàbá Fọlárìn.
Òun tó ka obì fún ogójì ọdún ní Sábó, ní Ṣàgámù,
tó ń fi ẹnu nájà, tó ń fi ọwọ́ kà,
tí kì í fi ẹyọ kan ṣì.
Ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bì í ṣubú láàárín apẹ̀rẹ̀,
iye tó kà dé ló há sí i lẹ́nu:
ọgọ́rùn-ún.

Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́: ọgọ́rùn-ún.
Ẹ yí mi padà, egbò ń ta mí: ọgọ́rùn-ún.
Ta ló kú nílé Ṣówándé tí wọ́n ń pariwo? Ọgọ́rùn-ún.
Mo ti kọ́ ọ bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè.
Mo mọ èyí tó jẹ́ ìbínú, mo mọ èyí tó jẹ́ ìtọ̀.
Òru kan wà tó pè é jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta,
tó fi ọwọ́ tó ṣẹ́ kù di ìka mi mú.
Èyí, n kò ní túmọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jí.
Mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì: ó gbẹ ni, àbí ó rin?
Mo ti èjìká bọ abẹ́ abíyá rẹ̀, mo ní, "Ó yá."
Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀! Ìdajì ara rẹ̀ di àpò sìmẹ́ǹtì,
ìdajì yòókù ń bẹ̀ mí.
Ẹ̀yìn mi dún bí igi gbígbẹ.
Mo gbọ́ ọ. N kò dá a lóhùn.
Ìkọ́kọrẹ́ rírọ̀: ṣíbí kan, kí n wo ọ̀fun;
ṣíbí kan, kí n tún wo ọ̀fun.
Kí n tó ṣe tán, tèmi ti tutù nísàlẹ̀ ìkòkò.

Fọlárìn ń fowó ránṣẹ́ láti Bìní, Ọlọ́run á bù kún un,
ṣùgbọ́n owó kì í gbéni dìde lórí pó.
Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbàdúrà fún ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀,
wọ́n mu mínírà, wọ́n lọ.
Àbúrò ọkọ mi wá láti Òde Rẹ́mọ,
ó fi ìka wo eruku ojú fèrèsé, ó ní,
"Ìyàwó, ẹ ń gbìyànjú."
Mo kúnlẹ̀. Mo ní a dúpẹ́.
Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní kọ̀rọ̀,
aláǹtakùn ló ń ránṣọ níbẹ̀ báyìí.

Òun ló kọ́ mi nígbà tí mo wọlé ìyàwó:
obì tí a kò bá fẹ́ kó gbẹ, ewé là ń fi bò ó.
Bu omi, fi ìka wọ́n ọn sí ewé.
Tí ewé bá gbẹ, kó o dà sẹ́yìnkùlé, já tuntun.
N kò bi í léèrè ewé tó wà lẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́rú tó kọjá, ní ọsibítù,
nọ́ọ̀sì kékeré kan, ọmọ Ìpẹru, kò wo ojú rẹ̀.
Ojú mi ló wò.
"Ìyá, ẹ̀yin náà ńkọ́?
Láti oókan dé aárùn-ún, báwo layé yín ṣe rí?
Ẹ ń rí oorun sùn? Ẹrù yìí, ṣé kò wúwo jù?"
Ọdún mẹ́ta! Ẹnìkan kò bi mí rí.
Mo fẹ́ pè é ní méjì; ó dà bí ẹni ń fẹjọ́ ọkọ sùn.
Mo fẹ́ pè é ní mẹ́rin; irọ́ ni.
Mo la ẹnu:
"Ọgọ́rùn-ún."
Ọmọ náà rò pé n kò gbọ́ ìbéèrè.
Ọkọ mi yíjú lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn,
ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé omi fún un,
kò mu ún.
Ó ti ìka bọ inú ife,
ó wọ́n ọn sí mi lápá, sí mi lọ́rùn, sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.
Mo fẹ́ bínú: aṣọ mìíràn tí n ó fọ̀ nìyẹn.
Ó tún ti ìka bọ ọ́.